Ìpè Tí Kò Pe Ẹnikẹ́ni

Gbogbo ìpè náà ló jọra. Àwòrán ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó so kọ́ra, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, òwe kan lókè, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ló sì sábà máa ń jẹ́. Lábẹ́ òwe yẹn ni wọ́n á ti sọ pé kí ẹ wá kọ àyọkà sórí Wikipedia Yorùbá, pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, pé èdè wa kò gbọdọ̀ kú. Ọjọ́ àti àkókò á wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìlérí dátà tàbí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá kọ jù. A ti rí irú rẹ̀ débi pé a lè ya òmíràn pẹ̀lú ojú dídì. A ti lọ síbi tí wọ́n pè wá sí náà, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a gba T-shirt. Ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí ni pé ká jókòó ti ìpè yìí bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, ká bi í léèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ká sì wádìí ìdí tí àwọn tó gbọ́ ọ fi ń sọ pé "ó dáa o," tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Ká tètè sọ eléyìí kó má baà di ìjà: àwọn tó ń gbé Wikipedia Yorùbá dúró kò gba owó oṣù lórí ẹ̀. Alẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi sùn ni wọ́n fi ń ṣe é, dátà tí wọ́n ń jó, owó ara wọn ni. Iṣẹ́ kóòdù là ń ṣe jẹun, a sì mọ ohun tó ń mú kéèyàn tibi iṣẹ́ dé kó tún ṣí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìfẹ́ ni. Torí náà, kì í ṣe àwọn là ń bá wí. Ọ̀rọ̀ inú ìpè ni.

Ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo ìpè náà ró ni "ẹnikẹ́ni". Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ìtàn náà kì í sì í ṣe tiwa. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger bẹ̀rẹ̀ ìwé ìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Nupedia. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kó kọ ọ́, àyọkà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ la ìpele méje kọjá kó tó jáde. Nígbà tí Nupedia fi máa kógbá wọlé ní 2003, àyọkà tó parí níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ogún lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001, wọ́n ti ṣí Wikipedia sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí wiki, irú ètò tí Ward Cunningham kọ́kọ́ ṣe jáde ní 1995, níbi tí ẹni tó ń kàwé ti lè tún ohun tó ń kà ṣe lójú ẹsẹ̀. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kí ọdún náà tó parí, àyọkà ti tó nǹkan bí 20,000.

Ẹ rí i báyìí pé èsì ni "ẹnikẹ́ni" jẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ti tì, àwọn tó sì ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn pọ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní iná, èdè tí wọ́n fẹ́ fi kọ̀wé náà ni wọ́n fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Kí wọ́n ṣáà ti ṣí ilẹ̀kùn, ṣe ni wọ́n ya wọlé. Àwa ńkọ́? Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wa? Ó ti ju ogún ọdún lọ tí Wikipedia Yorùbá ti wà, láti ọjọ́ tó sì ti wà, kò sẹ́ni tó ní kí a mú dìgírì wá. Ilẹ̀kùn kọ́ ló dá wa dúró. Ìpè tí a túmọ̀ láti èdè ẹlòmíràn ń fún wa lóògùn àìsàn tí kò ṣe wá.

Kí ló wá ń ṣe wá? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó dà bí ẹni pé ó kéré jù, ìyẹn àmì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní fóònù tí wọn ò mọ̀ pé kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀, e àti o lásán ni wọ́n fi ń kọ gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ti rí kíbọọ̀dù náà á tún bá wàhálà kejì pàdé, èyí tí ojú kì í rí. Unicode ni ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ó fún "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún "ọ" náà. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún "ẹ" tó ní àmì òkè. Lẹ́tà ni nọ́ńbà kan, àmì tó wà lórí rẹ̀ ni nọ́ńbà mìíràn. Tó bá kan àmì abẹ́, àwọn kan ń lo èyí tó rí róbótó, àwọn kan ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára wọn tan ni. Ẹnìkan lè fi ọ̀sán gangan kọ àyọkà lórí odò Ọ̀ṣun, kí ẹlòmíràn tó ń wá Ọ̀ṣun má rí i, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. A ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ ṣòfò lórí irú nǹkan báyìí lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, a mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn.

Síbẹ̀, ti ẹ̀rọ kọ́ ló burú jù. Ìtìjú ni. Ọ̀pọ̀ wa la lọ sílé-ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Fanákúlà ni wọ́n pè é, bí ẹni pé àrùn ni. A wá dàgbà tán, wọ́n ní ká wá fi èdè tí wọ́n torí ẹ̀ nà wá kọ ìwé ìmọ̀, kí gbogbo ayé máa wò ó. Ẹ wo ọ̀rẹ́ yín tó lè fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá, tí ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo èèyàn. Ẹ ní kó kọ ìpínrọ̀ kan péré. Kò ní kọ ọ́. Ó mọ̀ pé bó bá kọ "ogun", ẹnìkan á yọjú láti bi í pé ṣé ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí ogún tí wọ́n ń pín, àbí Ògún tí wọ́n ń bọ. Olùyọjú náà kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n níbo ni ìpè wa ti bá ẹ̀rù yẹn sọ̀rọ̀? Kò sí ibi tó ti sọ pé: kọ ọ́ láìlámì, a ní àwọn tó fẹ́ràn àtimáa fi àmì sọ́rọ̀, wọ́n á bá ẹ parí ẹ̀. "Ẹnikẹ́ni" ló ń pariwo ṣáá.

Tí èèyàn ò bá sì wá, iye á wá. Wikipedia Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000. Nọ́ńbà yẹn dùn ún gbé sójú ìwé ìpè. Ẹ ṣí mélòó kan láìṣàyàn, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Ó ṣeé ṣe kí ẹ já lu ástẹ́róìdì. Àyọkà pọ̀ níbẹ̀ lórí àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà, òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn kan tó ní plánẹ́tì kékeré ni. Orúkọ nìkan ló ń yí padà. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú rẹ̀: àtẹ kan, lúùpù kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ti tán. Kò sí irọ́ níbẹ̀. A kàn ń bi ara wa ni pé ọmọ Yorùbá wo ló dìde láàárọ̀ tó ń wá òkúta yẹn.

Yorùbá nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ní 2007, ètò kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo ló ti Wikipedia Volapük, èdè àtọwọ́dá kan tí àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀ rárá, kọjá 100,000 àyọkà. Ti èdè Cebuano ní Philippines lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, bọ́ọ̀tì ará Sweden kan tó ń jẹ́ Lsjbot ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tó bá jẹ́ iye là ń kà, Cebuano ti na Faransé àti Jámánì lẹ́yìn.

Láàárín èèyàn, ìdíje ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀tì. Ẹ bá ní ẹni tó bá kọ àyọkà tó pọ̀ jù ló máa gba fóònù, ẹ ti sọ fún un pé kó má kọ èyí tó gùn, kó má ṣe ìwádìí, kó má tún ti ẹnikẹ́ni ṣe, torí àtúnṣe kì í sáábà wọ inú ìṣirò. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Content Translation, tó máa gbé àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan ojú ewé, tó sì lè fún ẹ ní Yorùbá tí Google túmọ̀ sí apá kejì. Irinṣẹ́ náà gan-an a máa kìlọ̀ fún ẹ tó bá rí i pé o kò fọwọ́ kan ohun tí ẹ̀rọ sọ. Àmọ́ bí aago ìdíje bá ti ń lù, ta ló ń gbọ́ ìkìlọ̀? Ohun tó ń jáde ni Yorùbá tí èèyàn gbọ́dọ̀ túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn kó tó lè yé e. Ẹ ti rí i rí: "ó jẹ́ mímọ̀ dáradára fún ipa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí", "ó ti jẹ́ fífún ní àmì-ẹ̀yẹ". Ìyá ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí Wikipedia Scots ní 2020 yẹ kó máa bà wá lẹ́rù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ayé wá mọ̀ pé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ Scots, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 12. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ, tó ń yí sípẹ́lì rẹ̀ padà kó lè jọ ti àwọn ará Scotland. Àwọn èèyàn bú u, ó sì ká wa lára, torí ọmọ náà kò ní èrò ibi. Ó rí ìpè tó ní ẹnikẹ́ni, ó sì dáhùn. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ni ibi tí àwọn elédè wà fún gbogbo ọdún yẹn tí kò fi sí ẹni tó sọ fún un pé, ọmọ mi, a kì í sọ ọ́ báyìí.

Ẹnìkan lè ní kí la wá fẹ́ ṣe, ṣebí kò sẹ́ni tó ń kà á. Haba. Àwọn tó ń kà á jù lọ kì í ṣe èèyàn mọ́. Ní 2018, nígbà tí Google gbé BERT elédè-púpọ̀ jáde, èdè 104 ni wọ́n kọ́ ọ, orí Wikipedia ni wọ́n sì ti kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Ìyẹn ni pé gbólóhùn ástẹ́róìdì yẹn, pẹ̀lú "ó jẹ́ mímọ̀ fún", wà lára ìwé Aláwìíyé tí ẹ̀rọ fi kọ́ èdè wa. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan, David Adelani wà lára wọn, gbé iṣẹ́ jáde lórí Yorùbá àti Twi. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a ṣà dáadáa, tí àmì rẹ̀ pé, ń kọ́ ẹ̀rọ ju òkìtì ọ̀rọ̀ tí a kàn rọ́ jọ lọ. A ka iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Tí òótọ́ rẹ̀ bá wọ inú ẹni tó ń ṣètò ìdíje, á sọ òfin ìdíje náà nù, á sì kọ tuntun. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí máa béèrè nǹkan ní Yorùbá lọ́wọ́ fóònù lọ́jọ́ kan. Fóònù á dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tí a bá fi síbẹ̀.

Ìpè tó ṣiṣẹ́ wà láyé. Èyí tí a fẹ́ràn jù lọ ni ti 1879. James Murray ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Oxford English Dictionary. Ó tẹ ìwé ìpè kan jáde sí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń kà á, ní Bìrìtéènì, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilẹ̀ tí Bìrìtéènì ń ṣàkóso. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó béèrè. Kò ní kí wọ́n wá kọ ìwé atúmọ̀. Ó ní kí wọ́n kàwé. Ó ní 1,000 òǹkàwé ni òun ń wá, fún ọdún mẹ́ta. Ó to orúkọ àwọn ìwé tí kò tíì rí ẹni kà lẹ́sẹẹsẹ. Ó ṣàlàyé bí ìwé pélébé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ ṣe máa rí: ọ̀rọ̀ náà lókè lápá òsì, ọdún, ẹni tó kọ ìwé, orúkọ ìwé, ojú ewé, kí gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá tẹ̀lé e. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó tún ń tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí àpẹẹrẹ fún jáde, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tó kù gan-an.

Ìdí tí ìpè yẹn fi dára ni pé ó gé iṣẹ́ ńlá wẹ́wẹ́ débi tí ìyá arúgbó kan lè fi ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lálẹ́, kó sì mọ̀ pé òun ti parí nǹkan kan. Ìwé pélébé náà wọlé ní mílíọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ran Murray lọ́wọ́ jù ni W. C. Minor, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tì mọ́ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Broadmoor. Inú yàrá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń kàwé. Ẹ ò rí nǹkan? Ìpè tó ṣe pàtó wọ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ kò lè rò. Murray kú ní 1915, ìwé náà kò parí títí di 1928, ṣùgbọ́n kò sígbà kan tí ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ ní láti béèrè pé, kí ni kí n wá ṣe?

Ti àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ò jìnnà sí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lo Minix pé òun ń kọ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, pé ìgbafẹ́ lásán ni, kò ní tóbi. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú Minix àti ohun tí wọn ò fẹ́ràn. Ìbéèrè ló fi pè wọ́n. Ètò yẹn ló di Linux. Títí dòní, lórí iṣẹ́ kóòdù tí gbogbo èèyàn jọ ń ṣe, àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń lẹ àmì "good first issue" mọ́ iṣẹ́ kéékèèké. Wọ́n lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe é fúnra wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ de àlejò ni.

Kò tiẹ̀ yẹ ká wọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kì í dúró sí oríta ọjà kó ní kí ẹnikẹ́ni wá ran òun lọ́wọ́. Á lọ bá èèyàn nílé. Á ní oko mi tó wà lẹ́bàá odò ni, ọ̀tunla ni, ebè la máa kọ, ẹ bá mi mú ọkọ́ dání. Iyán á wà, ẹmu á wà. Àáró tún le ju ìyẹn lọ: ẹni tó ṣe tìẹ lónìí, oko tiẹ̀ lo máa lọ níjọ́ mìíràn, o ò sì lè gbàgbé, torí ojú ń ti ojú. Wikipedia kì í ṣe oko ẹnì kan, ohun tó mú un dára nìyẹn, òun náà ló sì mú kó ṣòro láti bẹ ọ̀wẹ̀ sí. Tí oko bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ló máa gún iyán? Ìdáhùn tiwa ni pé kẹ́nìkan pinnu láti jẹ́ olóko fún apá kékeré kan. Kó ní òun ni òun ń tọ́jú àyọkà àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, tàbí ti ẹja, tàbí ti aṣọ. Olóko lè pe èèyàn lórúkọ. Ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lọ́jọ́ ayẹyẹ ọdún.

Ibì kan wà tí olóko náà máa ti kọsẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ayò. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò ṣòro, ìwé wà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á lábẹ́ igi ládùúgbò mọ ohun tí kò sí nínú ìwé: yẹ̀yẹ́ tí ọ̀ta fi ń yọ ọ̀pẹ lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ tó kù nílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ò ní nǹkan gbé mọ́, ohun tí òǹwòran lè sọ àti èyí tí kò gbọdọ̀ sọ. Wikipedia á ní kí o fi ìtọ́kasí sí i, ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí wọ́n ti tẹ̀. "Bàbá tó ń ta ayò níwájú ilé wa ló sọ fún mi" kì í ṣe ìtọ́kasí. A mọ ìdí òfin náà, a ò sì ní sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Òun ló ń lé òpùrọ́ jìnnà. Àmọ́ èdè tí ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ju inú ìwé lọ ni òfin yẹn ń dùn jù. Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí India àti South Africa, wọ́n gba ohùn àwọn tó mọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì dábàá pé kí ohùn yẹn di ìtọ́kasí. People Are Knowledge ni wọ́n pe fíìmù tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Àwa rò pé ibẹ̀ ni ìdíje Yorùbá tó ní làákàyè ì bá ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fún èèyàn ní dátà kó fi gba ohùn àwọn bàbá yẹn sílẹ̀, kó gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti gbọ́ ọ, kí wọ́n tó bi í pé àyọkà mélòó lo kọ.

Ẹni tó bá dáhùn ìpè ńkọ́, kí la ń ṣe fún un? Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dé òkè téńté ní 2007, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Aaron Halfaker àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 2013 tọ́ka sí ìdí pàtàkì kan: ẹ̀rọ àti òfin tí wọ́n ṣe láti lé àwọn bàsèjẹ́ dànù ti ń lé àwọn ọmọlúàbí tuntun náà dànù. Ẹ rántí Donna Strickland. Ní oṣù karùn-ún 2018, ẹnìkan kọ àyọkà nípa rẹ̀, wọ́n ní ìtọ́kasí rẹ̀ ò tó, wọ́n dá a padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da irú àdánù bẹ́ẹ̀, torí ẹgbẹ̀rún èèyàn tún wà lẹ́yìn tó fẹ́ wọlé. Ní tiwa, ẹni kan tó bínú lọ lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń po aró ẹ̀lú ní gbogbo agbègbè rẹ̀ tó tún ní fóònù tó dáa.

Àwọn kan á ní a fẹ́ sọ iṣẹ́ ìfẹ́ di ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́?

A ti gbìyànjú láti kọ ìpè kan tí kò ní "ẹnikẹ́ni" nínú, tí kò sì dárúkọ ikú èdè. Àwòrán ọwọ́ kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè mú un, kó yí orúkọ eré àti ìlú padà. Bó ṣe lọ nìyí:

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ta ayò tàbí tí ẹ máa ń wò ó ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo la ní. Ládùúgbò yín, tí ihò ẹnì kan bá gbẹ tí ọmọ ṣì kù lọ́dọ̀ ẹnì kejì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Gbólóhùn mẹ́ta tó. Ẹ má da ara yín láàmú lórí àmì, ẹnìkan wà lọ́dọ̀ wa tó ń gbádùn rẹ̀. Ẹ lè fi ohùn ránṣẹ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò fún wa, kí ẹ sì bi bàbá tó kọ́ yín bóyá ó fẹ́ kí a dárúkọ òun. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ka ohun tí ẹ kọ padà sí yín létí, ẹ ó sì sọ ibi tí a ti ṣì yín gbọ́ kó tó jáde. Tí ẹ bá bá wa ṣe èyí, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin náà ń wá tí ẹ ò rí kà ní Yorùbá. Àwa la máa kọ ìyẹn.